Tarkwa Bay, owó táṣẹ́rẹ́, àti ìyá ẹlẹ́ja tó ń wo ojú èrò

Ẹnikẹ́ni tó bá ní olówó nìkan ló lè lọ jókòó sábẹ́ igi àgbọn létí òkun, onítọ̀hún ò tíì mọ Èkó. Àwa tá à ń gbé Sùúrùlérè ò nílò físà, a ò nílò ọkọ̀ òfuurufú, danfó Ojúẹlẹ́gbà sí CMS ni, ká fẹsẹ̀ rìn dé jẹ́tì, ká wọ bóòtù, kò pẹ́ kò jìnnà a ti dé Tarkwa Bay. Sátidé yìí ni mo lọ, àárọ̀ kùtù ni mo kúrò nílé torí oòrùn. Mo ń kọ ìtàn ẹ̀rù kan lọ́wọ́, ó ti há mọ́ mi lọ́wọ́ láti ìgbà òjò, mo wá ní kí n gbé ìwé àti bírò lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti owó ná, torí ìyẹn lẹ máa ń bi mí jù. Bí ẹ ò bá pọ̀, ẹ má háyà odindi bóòtù. Èyí táwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ń wọ̀ ni kẹ́ ẹ bá wọn wọ̀, èyí tí wọ́n ń kó báàgì píọ̀ wọ́tà àti àpò ìrẹsì àti páálí indomie sí níwájú, ẹ máa dúró títí á fi kún o, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti háyà. Ẹ ná owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ sínú ẹ̀, torí tó bá di ìrọ̀lẹ́ lọ́hùn-ún tí ilẹ̀ ń ṣú, iye tí wọ́n bá pè lẹ máa san. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, dandan ni, ẹ yẹ okùn ẹ̀ wò, bó bá ti já, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ, ẹ sè é láti ilé, ẹ kó o sí kúlà. Owó ni wọ́n fi ń yá àga àti kánópì, ẹní lèmi máa ń gbé dání. Ìjọba ò sì fẹ́ kí bóòtù máa rìn lóru, torí náà ẹ béèrè ìgbà tí bóòtù ìkẹyìn máa gbéra kẹ́ ẹ tó bọ́ bàtà yín.

Àwọn tó rí jájẹ a máa kọjá lọ sí Ìlàṣẹ, wọ́n á gba odindi ilé tòun ti jẹnẹrétọ̀, kò burú, kí Ọlọ́run fún wọn sí i. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó bá dá bóòtù wọ̀, ọ̀rọ̀ ta ló fẹ́ gbọ́? Nínú bóòtù èrò, ìyá kan tó jókòó níwájú mi ń bá ẹnìkejì ẹ̀ sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ẹ̀ tó fẹ́ gbéyàwó, ó ní, "Ọmọ náà rẹwà, ó ń kí èèyàn dáadáa, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé ìlú wọn ná, ká rí àwọn èèyàn ẹ̀, mi ò ní gba ẹni tí mi ò mọ orírun ẹ̀ sínú ilé mi." Ẹnìkejì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá Ṣẹ́gun, ẹ lọ béèrè dáadáa o." Mo yọ ìwé mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí bóòtù náà ṣe ń jó lórí omi.

Téèyàn bá kúrò ní Marina báyìí, ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń lọ sí Àpápá ni bóòtù máa ń gbà, kọ̀nténà lórí kọ̀nténà, èèyàn á gbójú sókè títí ọrùn á fi máa dùn ún. Lẹ́yìn náà omi á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Kì í ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run dá a o, ògiri òkúta táwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó sẹ́nu òkun láti bí ọdún 1908 ló fà á, torí yanrìn tó dí ẹnu ọ̀sà nígbà yẹn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ògiri yẹn ló dáàbò bo Tarkwa Bay. Yanrìn tí òkun ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn wá sì ń gbára jọ sẹ́yìn ẹ̀ ní apá Lighthouse Beach, etí òkun ibẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Bar Beach tó wà lápá kejì ò wá rí yanrìn gbà mọ́, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lọ́dọọdún, ó jẹ ẹ́ dé títì, ó wọ ilé àwọn èèyàn ní Victoria Island, kí wọ́n tó wá fi òkúta dí i tí wọ́n sì kó yanrìn tuntun sórí ẹ̀ láti kọ́ Eko Atlantic.

Àwọn tó dàgbà á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bar Beach yẹn lóṣù kẹsàn-án ọdún 1971, tí wọ́n so Ìṣọ̀lá Oyènúsì tó jẹ́ ọ̀gá adigunjalè mọ́ òpó tí wọ́n sì yìnbọn pa á, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé ló wá wòran, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ilẹ̀ tí wọ́n dúró sí lọ́jọ́ yẹn, òkun ti jẹ ẹ́, wọ́n ti fi yanrìn mìíràn bò ó, ilé gogoro ló ń hù lórí ẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn ń sùn níbẹ̀ wọ́n ń tan ẹ́ẹ̀sì. Mi ò tíì ka ìtàn ẹ̀rù kankan tó dà mí láàmú tó ìyẹn, kò sì sí òkú kan nínú ẹ̀ tó jí dìde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyí. Púpọ̀ nínú ìtàn ẹ̀rù táwọn èèyàn wa ń wò ní fíìmù òyìnbó, ìdajì ẹ̀ ni wọ́n fi ń jiyàn pé ṣé iwin ni àbí kì í ṣe iwin. Ọkùnrin gbọ́ ìró lókè àjà, ó ní eku ni. Iná kú, ó ní wáyà ni. Ó máa tó wákàtí kan kó tó gbà. Yorùbá tó bá ń wo irú ẹ̀ ti gbà láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó ti ń pariwo sí tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n kó jáde nílé yẹn jàre! Ìwé Fágúnwà àkọ́kọ́ tó jáde ní 1938, ọdẹ wọ igbó, ó bá ẹbọra pàdé, kò sẹ́ni tó ní kó mú ẹ̀rí wá. Torí náà òǹkọ̀wé tó bá ń kọ̀wé fún wa tó sì ń fi ojú ewé ogún dáni lójú pé òkú lè rìn, àkókò ẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Ohun tí àwa máa ń bèèrè ni pé ta ló rán an wá? Kí ni wọ́n ṣe fún un? Gbèsè wo ló wà nílẹ̀ láàárín òun àtàwọn yìí? Ọmọ ta ni?

Ẹ wo Madam Koi Koi, iwin tí wọ́n fi dẹ́rù bà wá ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, kò sẹ́ni tó ròyìn ojú ẹ̀ dáadáa fún yín, ìró bàtà ni, kọ́í kọ́í kọ́í, ó ń bọ̀ ní kọ́rídọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ wo egbére náà, ó kéré, ó ń sunkún, kò lè na ẹnikẹ́ni, ẹní kékeré tó gbé dání tí wọ́n ní ó ń sọni dolówó ló ń kó èèyàn sí wàhálà, ojúkòkòrò tiwa fúnra wa ni.

Ṣùgbọ́n àkúdàáyà lèmi ò lè fi sílẹ̀. Ẹni tó kú láìtọ́jọ́ tó lọ ń gbé ìlú mìíràn, ó ń ṣòwò, ó fẹ́ ọkọ, ó bímọ, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, ohun kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù ni kí ará ìlú ẹ̀ rí i. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó parí nìyẹn, a ò ní rí i mọ́. Ọkọ á wá ìlú àwọn àna ẹ̀ lọ, wọ́n á kí i káàbọ̀, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á wá mú un lọ sẹ́yìnkùlé lọ fi sàréè hàn án. Nínú gbogbo ìtàn yẹn, kò sí ẹni burúkú kankan. Òkú ló ń bẹ̀rù alààyè.

Mo ti kọ ọ́ láti ẹnu ọkọ, kò dùn. Mo ti gbé e sí Ìbàdàn, kò dùn, Ìbàdàn fẹ̀ jù, èèyàn lè sá gba ìgboro. Sátidé yìí ni mo wá rí ibi tó yẹ kó wà.

Ìyá kan ń dín ẹja nítòsí ibi tí bóòtù ń gúnlẹ̀ sí. Mo kí i, "Ẹ kú ọjà o, màmá," ó ní, "O ṣeun ọmọ mi, èló lo fẹ́ rà?" Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Èpìyà ló wà nínú agbada, òróró ń hó ṣàà, irin gígùn kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó fi ń yí ẹja, kò sì wo ẹja náà rárá! Ojú ẹ̀ wà lórí omi. Bóòtù kan ń bọ̀, ó ń wo àwọn èrò inú ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń fo sílẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta pẹ̀lú sípíkà, obìnrin kan tó gbọ́mọ pọ̀n, bàbá kan tó ká ṣòkòtò sókè, lẹ́yìn tó ti wo gbogbo wọn tán ló tó wá wo iwájú ẹ̀. Síbẹ̀ ẹja yẹn ò jó. Etí ló fi ń mọ̀ ọ́n, bí ìró òróró bá ti yí padà, ọwọ́ ẹ̀ á lọ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé oníbàárà ló ń wá, ta ni ò mọ ìyẹn, ẹni tó ń tajà níbi tí ọjà ti ń gba omi wá gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa rà. Ṣùgbọ́n ara mi bù máṣọ. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo lèèyàn ń gbà wọlé síbẹ̀. Mọ́tò ò débẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbi tí ìyá yẹn jókòó sí, kò sí ojú tó máa yọ sí i lójijì, ó máa ti rí i látorí omi, á ti ráyè gbé agbada kalẹ̀ kó bọ́ sẹ́yìn ilé.

Mo jẹ ẹja náà pẹ̀lú ata àti gààrí tó tutù, ó dùn kọjá àlà, mo sì ń kọ̀wé.

Ohun tó kù ni pé kí ló máa lé àkúdàáyà mi kúrò níbẹ̀, torí bí kò bá sí ohun tó máa lé e kúrò, kò sí ìtàn. Oṣù kìíní ọdún 2020 ló dáhùn ìyẹn fún mi. Ẹ rántí pé ìgbà yẹn làwọn ológun ojú omi wá lé àwọn ará Tarkwa Bay kúrò nílé, wọ́n ní torí àwọn tó ń bẹ́ páìpù epo ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, wọn ò fún wọn láàyè kí wọ́n palẹ̀ mọ́ dáadáa, àwọn èèyàn ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì àti ìkòkò àti ọmọ wọnú bóòtù, wọ́n ń lọ sí Èkó láìmọ ilé tí wọ́n máa sùn. Àwọn tó jalè epo ò tó nǹkan lára èrò tó jìyà lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì ń dùn mí tí mo bá rántí. Obìnrin inú ìtàn mi wà láàárín wọn. Inú bóòtù ló wà, ó gbé agbada ẹ̀ sórí itan, CMS ni wọ́n ń gbé e lọ, CMS tí gbogbo ìlú ilẹ̀ Yorùbá ń kọjá lójoojúmọ́, kò sì ní ibòmíràn tó lè sá sí, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú bóòtù ìdí tí òun ò fi fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á ò yàtọ̀ sí ti àwọn alààyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọn náà ò mọ ẹni tó máa gbà wọ́n sílé. Ibẹ̀ ni ìtàn náà á ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, nínú bóòtù. Mo ti yọ orí kìíní àtijọ́ dànù, ti ọkọ yẹn, gbogbo ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ ló kù tí mi ò tíì pinnu. Ìyá mi àgbà máa ń sọ ọ́ pé ọmọ tí àkúdàáyà bí, èèyàn gidi ni, ó máa ń dúró ti bàbá ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mìíràn pé ìyá àti ọmọ jọ ń lọ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ tiyín nílé, pàápàá ẹ̀yin Ìjẹ̀bú àti Èkìtì, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún yín? Torí ọmọbìnrin kan wà nínú bóòtù yẹn pẹ̀lú ẹ̀, ó di aṣọ ìyá ẹ̀ mú, mo sì ti fún un lórúkọ.