Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́bsáìtì, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí nídìí ráfù

Tẹ́nì kan bá gbé iṣẹ́ ráfù (káwọn èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì, ká wá mú nọ́ńbà ẹni tó máa jẹ ẹ̀bùn) wá bá yín, wọ́n máa ní iṣẹ́ kékeré ni, ṣebí ṣọ́ọ̀bù ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, ẹ kàn fi tíkẹ́ẹ̀tì kún ọjà tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ fún èmi náà nìyẹn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, wọ́n ń wá owó jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn nílé, WooCommerce, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń tajà lórí wẹ́bsáìtì, ni ṣọ́ọ̀bù wọn ń lò, fìlà àti aṣọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Mo bá fi tíkẹ́ẹ̀tì sí i bí ọjà, mo kọ ọ́ pé 1,500 ló wà nílẹ̀, £2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo lọ sùn.

Ohun tí mi ò rò nígbà yẹn ni pé fìlà méjì tí sáìsì wọn bára mu, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá gbé fún kọ́sítọ́mà, kò sí wàhálà. Tíkẹ́ẹ̀tì ò rí bẹ́ẹ̀. 0217 ti ẹnì kan ṣoṣo ni, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíì láéláé, kódà tẹ́ni tó ni ín bá ní kẹ́ ẹ dá owó òun padà. WooCommerce mọ iye tó kù, àmọ́ kò mọ èwo ló jẹ́ ti ta, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ.

Kóòdù tí mo kọ́kọ́ kọ, ṣe ló máa ń wo nọ́ńbà tó ga jù nínú database (ibi tí sáìtì ń kó àkọsílẹ̀ ẹ̀ sí), á wá fi 1 kún un. Nílé tí mo ti ń dán an wò, èmi nìkan ni mò ń rà, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Alẹ́ Sátidé tí wọ́n wá kéde ẹ̀ lóde àríyá, gbogbo èèyàn yọ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, ọ́dà méjì wọlé pọ̀, àwọn méjèèjì bá 0216 nílẹ̀, àwọn méjèèjì sì mú 0217. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ mọ́mì àgbàlagbà kan ní Woolwich, wọ́n ti ní kọ́mọ wọn tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n ti fi há inú Bíbélì. Èmi ni mo pè wọ́n. Wọn ò bínú rárá, wọ́n kàn bi mí pé, "Ọmọ mi, èwo wá ni tèmi báyìí?" Mi ò rọ́rọ̀ sọ.

Báyìí, kí n tó ta ẹyọ kan, mo máa ń kọ gbogbo nọ́ńbà sílẹ̀ ná, 0001 dé 1500, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni lára wọn. Tówó bá wọlé, kóòdù á mú ìlà kan, á tì í pa kí ọ́dà míì má bàa fọwọ́ kàn án, á kọ nọ́ńbà ọ́dà sí i. Ẹ tún fi UNIQUE, ìyẹn àṣẹ pé nọ́ńbà kan ò gbọ́dọ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì, sórí nọ́ńbà yẹn, kó jẹ́ pé tí kóòdù yín bá tiẹ̀ ṣìnà, database fúnra ẹ̀ ló máa kọ̀ jálẹ̀. Ẹ má fojú di èyí, mo bẹ̀ yín.

Tówó bá wọlé ni mo sọ o, kì í ṣe téèyàn bá tẹ bọ́tìnì. Ẹni tí ò tíì sanwó, WooCommerce máa ń bá a di ọjà mú fún 60 ìṣẹ́jú tẹ́ ò bá yí i padà, ẹni tó ní òun máa san láti báǹkì, on-hold ni ọ́dà ẹ̀ máa wà títí ẹ máa fi rówó. Ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà. Stripe, àwọn tó ń bá wa gbowó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fúnra wọn sì sọ pé webhook kan (iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí sáìtì pé owó ti wọlé) lè dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí náà ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ́dà yẹn ti gba tiẹ̀.

Òfin náà tún wà níbẹ̀. Mo ti fẹ́ gbé "ra márùn-ún, gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́" síta, akọ̀wé ẹgbẹ́ ló dá mi dúró, àwọn ni wọ́n lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní káńsù. Gambling Act 2005 ti ìlú ọba ní iye kan náà ni gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì irú ráfù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, owó sì gbọ́dọ̀ wọlé kéèyàn tó wà lára àwọn tó ń díje. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ ní November 2024 pé ọ̀rọ̀ lọ́tìrì ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà, ẹ lọ bi ìpínlẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó tà.

Agogo 8 alẹ́ ló yẹ kí ọjà tì, nínú oṣù August. UTC, aago àgbáyé tí kì í yí padà nígbà ooru, ni sáfà (kọ̀ǹpútà tí sáìtì wà lórí ẹ̀) ń lò, Lọ́ńdọ̀nù sì fi wákàtí kan ṣíwájú ẹ̀ nígbà ooru, bí tíkẹ́ẹ̀tì 14 ṣe tún tà lẹ́yìn agogo 8 nìyẹn. A dá owó wọn padà, mo kọ "void" (pé kò wúlò mọ́) sí nọ́ńbà wọn.

Mo ti kọ random_int (kóòdù tó ń ṣàdédé mú nọ́ńbà) sílẹ̀ tó máa mú ẹni tó jẹ, àmọ́ àwọn bàbá ní abọ́ tí wọ́n ti máa fọwọ́ mú ìwé làwọn fẹ́ fojú rí. Mo bá kó nọ́ńbà jáde, Excel jẹ gbogbo òdo iwájú, 0047 di 47, mo tún un ṣe, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, èmi àti akápò wá jókòó lálẹ́ Fráídè à ń fi sáàsì gé e. Ìwé inú abọ́ jẹ́ 1,342, tíkẹ́ẹ̀tì tówó ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa jẹ́ 1,328. Mi ò yọ àwọn void yẹn kúrò kí n tó tẹ̀ ẹ́. A da abọ́ náà sórí tábìlì, a wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti lé ní agogo 12 òru ká tó rí èyí tó gbẹ̀yìn, 1340, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé míì.