Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìfági kí ẹ tó béèrè wáàtì

Pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ayùn bọ̀ ní ọjà igi Dei-Dei kì í dán. Ara rẹ̀ ní irun, ibì kan nípọn ju ibì kan lọ, bí ọyẹ́ Àbújá bá sì fẹ́ sí i fún ọjọ́ mélòó kan, á ká tàbí kó lọ́. Ẹ̀rọ ìfági alágbèéká lè tún un ṣe, bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ iwájú àti ẹ̀yìn tó ń gba orí igi kọjá, bá tọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tó ki í bọ iná, ẹ da ikùn rẹ̀ sókè. Ẹ yí ọwọ́ iwájú tí a fi ń wọn jíjìn sí òdo, kí ẹ fi rúlà irin gígùn lé e lórí. Kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ wá rọra fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí orí abẹ, ìyẹn irin roboto tó di abẹ mú: kí abẹ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fara kan rúlà lápá òsì àti ọ̀tún. Bí abẹ bá ga ju àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ, ìparí pákó á máa jin. Bó bá relẹ̀ jù, ẹ̀rọ á kàn máa gun orí igi, kò ní jẹ ẹ́ mọ́. Abẹ ṣeé tún tò. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó bá ti lọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 82 tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Etí pákó íǹṣì 3 á wọlé lẹ́ẹ̀kan. Wáàtì 600 sí 850 náà tó. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára tòkunbọ̀ dáadáa: ti Amẹ́ríkà, fóltì 120 ló ń lò, iná wa 230 á sì jó o. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I better pass my neighbour” lè má lè gbé e.

Abẹ kábáídì, èyí tó le ju irin lásán lọ, máa ń pẹ́, àmọ́ ó tètè ń ṣẹ́ lẹ́nu. Inú ìrókò sì máa ń ní òkúta funfun nígbà mìíràn! Abẹ irin lásán ṣeé pọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún igi tí a kò mọ inú rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbá iyanrìn kúrò lára pákó, kí ẹ yọ gbogbo ìṣó. Bí ẹ bá máa pààrọ̀ abẹ, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á máa gbọ̀n.

Pákó tó bá ká, ẹ da ojú tó jin dé ilẹ̀, kí èyí tó wú wà lókè. Ẹ fá a ní ìdábùú láti igun dé igun, ìdajì mìlímítà sí ẹyọ kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ fún igi líle bí apá. Ẹ tẹ iwájú mọ́lẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ níparí. Bó bá ń ya ara igi, ẹ yí pákó padà. Ẹ̀rọ yìí kò lè mú kí pákó nípọn dọ́gba fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ fa ìlà yí etí rẹ̀ ká, kí ẹ sì dúró níbi ìlà.

Lẹ́búlẹ́bú ìrókò máa ń yún imú àti ọ̀fun. Ẹ bo imú, kí ẹ sì jẹ́ kí abẹ dúró pátápátá kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀.