Nọ́ńbà kẹta

Ẹ̀ka ìṣètò àti ìṣirò ni mo wà ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Bí àsìkò bọ́jẹ́ẹ̀tì bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè àwọn ọ̀gá kì í yí padà: ọmọ mélòó ló máa wọ pírámárì kìíní ní ọdún márùn-ún sí i? Nọ́ńbà kan ni wọ́n ń retí. Mẹ́ta ni mo máa ń gbé wá: èyí tó kéré, èyí tó jọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, àti èyí tó lè bà wá lẹ́rù. Wọ́n á ní kí n yọ ẹ̀kẹta. N kì í fẹ́ yọ ọ́.

Ìdí mi nìyí. Ní 1952, Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ Awólọ́wọ̀, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n múra gidi. Nǹkan bí 170,000 ọmọ ni wọ́n ṣírò pé yóò wọ kíláàsì kìíní. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣí ní January 1955, àwọn tó dé lé ní 390,000. Àwọn tí ọwọ́ wọn ti kan etí tipẹ́ náà bá wọn wá! Iṣẹ́ ńlá ni ìjọba yẹn ṣe, mo bọ̀wọ̀ fún un títí dòní. Ṣùgbọ́n ní 1976, ìjọba àpapọ̀ gbé UPE, ètò ẹ̀kọ́ pírámárì fún gbogbo ọmọ, dé, ó retí mílíọ̀nù 2.3, mílíọ̀nù 3 ló wọlé. A kò tíì kọ́gbọ́n.

Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2006 ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n bí gbogbo ọmọ tó wà ní pírámárì lónìí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìkànìyàn kà rí.

Ilé aṣòfin Finland ti ní ìgbìmọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú láti 1993, aṣòfin 17 ló wà níbẹ̀. Ní sáà kọ̀ọ̀kan, ìjọba á gbé ìròyìn nípa ọjọ́ iwájú wá, ìgbìmọ̀ náà á sì fèsì. Wọn kì í ṣe wòlíì. Ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni pé, bó bá rí báyìí ńkọ́, bó bá gba ibòmíràn yọ ńkọ́? Ìjọba á lọ, òmíràn á dé, ìgbìmọ̀ náà á ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn ló wù mí jù.

Kíláàsì ṣeé kọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Olùkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́ta ni NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ń gbà. Bí nọ́ńbà kẹta bá máa ṣẹ ní 2030, àwọn tó máa kọ́ àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 2027, owó wọn sì gbọ́dọ̀ wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì kó tó dìgbà náà.