Ẹ Bá Wa Dúpẹ́, Òkun Ò Gbé Wa Lọ

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ni f'Ólúwa, a ti délé láyọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé mọ́tò wa tí a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí, tí a sọ di ilé, inú ẹja ló ń lọ, a kí yín o. Àwa rèé, mọ́tò náà rèé.

Bàbá apẹja kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi kí. Láti Grand-Popo, ìlú etí òkun kan ní orílẹ̀-èdè Benin, tí èèyàn bá gba ojú yanrìn lọ sí Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, kò sáyè àṣìyà. Ọ̀kadà ń bọ̀, a yà fún un, táyà ẹ̀yìn bá rì dé ìdajì. Òkun sì ń kún bọ̀. Ìgbì tó bá ń padà ló burú jù: ńṣe ló ń wọ́ yanrìn kúrò lábẹ́ táyà, tí ọkọ̀ sì ń rì sí i. Jésù!

Gbogbo ayé ń pariwo pé ká tẹná mọ́ ọn. Bàbá ní ká paná. Táyà tó bá ń yí lójú kan, kòtò ara rẹ̀ ló ń gbẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, kí a tú omi inú táǹkì ẹ̀yìn, lítà 60, ìyẹn kílò 60 gbáko lórí táyà tó rì. Àwọn ìyá abúlé gbé abọ́ wá gbà á, ẹ̀kán ò ṣòfò. Bàbá fi ìdí ìṣó tẹ ẹnu fáàfù, afẹ́fẹ́ já láti 50 sí 20 PSI lórí gééjì, táyà tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n kó yanrìn ìdí táyà, wọ́n kó èyí tó gbé ikùn ọkọ̀ dúró, wọ́n to imọ̀ àgbọn sẹ́yìn táyà. Okùn àwọ̀n ni wọ́n so mọ́ ìkọ́ ara férémù, wọn ò so ó mọ́ bọ́ńpà, torí bọ́ńpà á já. Orin tí wọ́n fi ń fa àwọ̀n náà ni wọ́n fi fa ọkọ̀, sẹ́yìn, lórí ipa táyà tí a gbà wọlé. Gíà rìfáàsì, ẹsẹ̀ fẹ́rẹ́ lórí tọ̀rọ́tù, ó jáde!

Ẹ̀yin tí ẹ dúró tí ẹ ń fi fóònù ya wá, Ọlọ́run rí yín. Ẹ fi fídíò náà ránṣẹ́.

Ẹ ò bi mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́. Ìgbà tí òkun bá ń fà ni kí ẹ gba ibẹ̀, bíi wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà ló ń yí padà. Ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí ẹ tó wọ yanrìn. Ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 15, kó má bọ́ lára rímù. Ẹ mú pọ́ǹpù tó ń lo bátìrì ọkọ̀ dání, kí ẹ fẹ́ táyà padà kí ẹ tó gun ọ̀dà, torí táyà tó rọ̀ á gbóná lórí ọ̀dà, á sì bẹ́. Ẹ má páàkì sábẹ́ àgbọn. Ẹ ti ẹnu sílíńdà gáàsì kí ọkọ̀ tó gbéra. Omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi fọ abẹ́ ọkọ̀, lọ́jọ́ náà gan-an, iyọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Bàbá ò gba kọ́bọ̀. Okùn wọn tó ya nìkan ni wọ́n jẹ́ kí a rọ́pò. Ẹni tó sì kìlọ̀ fún wa pé ká má sún mọ́ àwọn apẹja yẹn, pé olè ni wọ́n: a gbọ́ o, a dúpẹ́.