Lílu ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ wò kí kànga tó bẹ̀rẹ̀: ẹ ṣọ́ra fún yangí

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ibi tí àpáta ti jẹrà jinlẹ̀, tàbí tó ti sán, ni omi máa ń wà. Àwọn òkè àpáta ìlú náà kò sọ bí àpáta ṣe jìn tó lábẹ́ oko yín. Òòlù lè sọ ọ́: bí ẹ bá fi lu ilẹ̀, mímì tí à ń pè ní ìgbì á gba inú ilẹ̀ lọ, àkókò tó fi dé ọ̀dọ̀ yín ló ń sọ ohun tó gbà kọjá.

Ẹ óò nílò òòlù oníkìlò 8, irin pẹlẹbẹ tí ẹ óò máa lù, jíófóònù 24 (ohun kékeré tó ń gbọ́ mímì ilẹ̀) àti ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì sílẹ̀. Ẹ fi mítà 5 sáàárín jíófóònù kan sí èkejì; ìlà náà á gùn ní mítà 115. Ìdámárùn-ún sí ìdámẹ́rin gígùn yìí lẹ lè fọkàn sí pé ẹ óò rí nísàlẹ̀. Ẹ gún jíófóònù lóòró, kó má mì. Bí ilẹ̀ bá le, ẹ gbẹ́ ihò kékeré, kí ẹ fi ilẹ̀ tútù dì í mọ́bẹ̀.

Ẹ lu orí ìlà, àárín àti ìdí rẹ̀, ìgbà 5 sí 10 níbì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ pa wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá lu orí ìlà nìkan ń tan ara rẹ̀: bí àpáta bá dagun, ìyára tó máa rí kò ní jẹ́ òótọ́.

Ìgbì tó kọ́kọ́ dé ni ká wò. Nítòsí òòlù, èyí tó gba inú ilẹ̀ gbígbẹ ló ń ṣáájú, ní mítà 300 sí 600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́nà jíjìn, èyí tó sọ̀kalẹ̀ dé àpáta líle, tó sì sáré níbẹ̀ ní nǹkan bíi 5000, ló ń borí, bí ẹni tó yà gba ọ̀nà ọ̀dà ṣe ń ṣáájú ẹni tó gé inú igbó. Bí ìyára inú ilẹ̀ bá jẹ́ 500, tí ti àpáta jẹ́ 5000, tí ìgbì àpáta sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣáájú ní mítà 40 sí òòlù, àpáta wà ní nǹkan bíi mítà 18.

Yangí ló ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Ó le, ó sì yá ju amọ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ìgbì tó bọ́ sínú amọ̀ ń tẹ̀ sísàlẹ̀ ni, kì í sá lórí rẹ̀ padà sókè. Amọ̀ náà á wá di ohun tí a kò rí, ìṣirò á sì ní àpáta jìn ju bó ti jìn lọ. Àmì rẹ̀ ni pé ìgbì tó kọ́kọ́ dé á lágbára nítòsí, á wá kú lójijì, èyí tó tẹ̀ lé e á sì pẹ́ kó tó dé. Níbẹ̀, ẹ pa ọ̀nà yìí tì, kí ẹ lo ìgbì ojú ilẹ̀, tí kò bìkítà bí líle bá wà lórí rírọ̀: jíófóònù 4.5 Hz (èyí tó ń gbọ́ mímì tó lọ́ra) dípò 14 Hz, kí ẹ̀rọ sì gbọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 1 sí 2.

Ìró òòlù nínú afẹ́fẹ́ ń sá ní nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má kà á sí ilẹ̀ gbígbẹ. Atẹ́gùn ń mi gbòǹgbò igi, ọkọ̀ ẹrù ọ̀nà Kútọnu sí Párákù sì ń mi gbogbo ìlà, nítorí náà òwúrọ̀ kùtù ló dára jù. Àwọn zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, kò le tó bẹ́ẹ̀, ẹ kàn dúró kí wọ́n kọjá.

Ilẹ̀ tí omi kún inú rẹ̀ ń fún wa ní ìyára mítà 1500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ àpáta jíjẹrà tó gbẹ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lu ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tó ti wà, kí ẹ fi okùn wọn ibi tí omi rẹ̀ dé.