Ọlọ́run Gbé Mi Dìde, Ṣùgbọ́n Kó Má Dá Èwe Mi Padà

Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ̀yin bàbá ìjọ àti ìyá ìjọ, ẹ̀yin aládìrẹ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta wa yìí, tí ẹ ti ìsọ̀ pa nítorí ìdúpẹ́ mi lónìí, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ tèmi. Àga gíga tí wọ́n gbé fún mi yìí, kì í ṣe pé mo fẹ́ ga jù yín lọ. Dókítà ló ní n kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí ohun tó rẹlẹ̀ mọ́.

Ìwẹ̀ ni mo lọ wẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbọ́ pé mọ́tò ló gbá mi, àwọn kan sì ní ayé ló tì mí. Ayé kankan kò tì mí o. Omi ọṣẹ ló wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo ṣubú lu ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo gbọ́ ìró eegun náà kí n tó mọ̀ pé ó ń dùn mí. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin fi máa já wọlé, ẹsẹ̀ òsì mi ti kúrú ju ọ̀tún lọ, ọmọ ìka rẹ̀ sì ti yí kọ ògiri. Ọmọ figbe ta. Èmi ni mo tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ wá aṣọ bò mí.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ nílé. Àbúrò ọkọ mi ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. N kò ní bú wọn. Àwọn ló to apá ọmọ mi kan nígbà tó já bọ́ lórí igi máńgòrò, apá náà sì gún régé títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọsibítù tí wọ́n ya fọ́tò eegun náà, dókítà pè wá wò ó. Ó ní ọrùn eegun itan, níbi tó ti wọnú ìbàdí, ló ṣẹ́, àti pé ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí eegun yẹn ti gé. Bí a bá dì í títí, kò dájú pé yóò so. Bí arúgbó bá sì pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀, egbò á yọ sí i nídìí, ẹ̀jẹ̀ á dì nínú iṣan, ẹ̀dọ̀fóró á gba àrùn. Wọ́n ní àfi kí wọ́n là á, kí wọ́n yọ orí eegun náà, kí wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi dákẹ́. Òun náà ló kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé.

Owó náà kò kéré. Àwọn ọmọ mi dá, ẹgbẹ́ aládìrẹ dá, ìjọ yìí náà dá. Ẹni tó mú tirẹ̀ wá, Ọlọ́run rí i. Ẹni tó ṣèlérí tí kò tíì rí i mú wá, Ọlọ́run rí òun náà. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ara mi kú, ṣùgbọ́n etí mi kò kú. Mò ń gbọ́ ìró òòlù gbọ́ngbọ́n, bí ìgbà tí káfíńtà ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kejì, itan mi ló sì ń kàn.

Nígbà tí ẹ wá kí mi, ẹ gbàdúrà. Ẹ ní èwe mi á tún padà wá bí ti ẹyẹ idì, ẹ ní n ó tún máa rìn bí ọmọ ogún ọdún. Mo ṣe àmín apá kan. Ọlọ́run mọ apá tí n kò ṣe.

Ọmọbìnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tèmi. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú ní Pánṣẹ́kẹ́, eegun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́. Gbogbo wa la gbọ́ tí dókítà sọ pé tirẹ̀ á so, pé ara ọmọdé ni. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹkún ló kù. Mo rò pé ìrora ni, mo ní kí nọ́ọ̀sì fún un lóògùn. Kì í ṣe ìrora. Àpá ló ń sunkún sí, pé báwo lòun ṣe máa wọ aṣọ kúkúrú mọ́. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò tíì wá wò ó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sókè òkun, òun wá ń yàgbẹ́ sínú páànù. Fóònù kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá sì ti wò ó tán, ẹkún tún bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní, "Màmá, ẹ̀yin tí wọ́n la itan yín, ẹ ò sunkún. Ṣé kò dùn yín ni?" Mo ní ó ń dùn mí gan-an. Ó ní kí ló wá dé? Mo ní, "Ọmọ mi, lójú ta ni mo fẹ́ níyì nínú wọ́ọ̀dù yìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí bóyá kò wù mí kí n tún dà bí òun. Mo ní, "Eegun rẹ wù mí, bí o bá lè yá mi. Ìyókù, máa mú un lọ."

N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti wà níbi tó wà rí.

Ọdún 1972 ni mo wọlé ọkọ, ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. N kò tíì mojú ilé tán tí ọdún 1973 fi wọlé, wọ́n yí owó padà. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ìyá ọkọ mi ló ni ìsọ̀, èmi ni mò ń bá wọn tà á. Mo mọ ìṣirò o. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí kọ́bọ̀ kan bá dín, wọn ò ní sọ pé owó tuntun ló rú ìyàwó lójú, wọn á ní olè ni. Mo máa ń jí lóru ka owó tí mo ti kà.

Bí aró bá kọ̀ tí kò mú aṣọ, àwọn àgbà á ní Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, ló bínú, wọn á sì wo ojú ìyàwó tuntun. Nígbà tí oyún kò tètè dé, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wò mí. Bí mo bá lọ síbi ìkómọjáde, tí wọ́n ní "a ó gbọ́ tìrẹ náà", mo máa ń ṣe àmín kí n tó lọ sunkún lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo wá bí, ara mi kò tíì yá tí mo ti padà sídìí ìkòkò aró, kí wọ́n má baà pè mí ní ọ̀lẹ. Ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Àbúrò ọkọ mi tí mo ń sọ yìí, ọmọ tí mò ń nu ikun nímú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé, ọkọ mi ni. Orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi, Akọ̀wé ni mò ń pè é. Mo ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, àkàrà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tó bá ń dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ayé ìgbà yẹn dùn, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú yín.

Ìyá mi gan-an kì í ṣàárò èwe. Wọ́n wà lára àwọn obìnrin tó lọ dó sí Ààfin Aké nígbà ìjà owó orí, tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ fúngbà díẹ̀ ní 1949. Ohun tí ìyá mi máa ń rántí níbẹ̀ kì í ṣe orin. Láti ọmọ ọdún 15 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin, agbowó orí a sì máa tú aṣọ ọmọbìnrin wò bóyá ó ti tó ẹni tí ń san án. Ìyá mi á ní, "Ta ló fẹ́ padà síbẹ̀?" N kò ní purọ́ ṣá, ó wù mí kí n tún rí wọn fún ọ̀sán kan ṣoṣo. Nítorí ìyẹn, mo lè padà lọ, bí wọ́n bá máa jẹ́ kí n tètè dé.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà ló gbà mí ní ọsibítù. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, mo dùbúlẹ̀. Ọmọ tí mo bí ń wẹ̀ mí, mo jẹ́ kó wẹ̀ mí, ojú kò tì mí. Wọ́n gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wá pé kí n fi kọ́ ìrìn, wọ́n ní kí n gbé ìṣísẹ̀ kan kí n sinmi. Mo gbé ìṣísẹ̀ kan, mo sinmi. Ẹ̀yin ará, ìyàwó 1972 ì bá ti sá dìde lọ yọjú sí ìsọ̀, irin ì bá sì ti yẹ̀ nínú itan rẹ̀.

Ọjọ́ tí mò ń lọ sílé, dókítà ka òfin fún mi. N kò gbọ́dọ̀ lóṣòó, n kò gbọ́dọ̀ jókòó lórí àpótí, n kò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, n kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mú bàtà, n kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Nígbà tó dórí kíkúnlẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rò pé oògùn ló ń yí mi lórí. Akọ̀wé wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Ó fi eékún méjèèjì kanlẹ̀, ó mú bàtà mi, ó di gìgísẹ̀ mi mú, ó rọra ti ẹsẹ̀ mi wọlé. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé kò há?" Ó há díẹ̀. Mo ní kò há.

Torí náà, àdúrà orí àga ni mò ń gbà báyìí, Ọlọ́run sì ń gbọ́ ọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbé mi dìde nílẹ̀ ilé ìwẹ̀. Mo tún dúpẹ́ pé ó mú mi la ìgbà èwe já, nítorí àwọn kan wà tí a jọ wọ̀ ọ́, tí wọn kò jáde. Ọmọbìnrin ojúgun yẹn náà ti ń rìn. Ó wà láàárín yín níbí, n kò ní pè é jáde.

Làfún àti ìrẹsì Ọ̀fadà wà níta, kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ. Onílù, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ rọra lù ú o, irin tuntun ló wà nínú itan mi, ṣùgbọ́n dókítà kò ka ijó mọ́ ohun tí n kò gbọ́dọ̀ ṣe.