Kí Ẹ Tó Wọn Másùnmáwo Nínú Itọ́

Ẹ̀yin àbúrò, mo ti ka àwọn àbá ìwádìí tí ẹ kó wá. Gbogbo yín lẹ fẹ́ fi ìṣàṣàrò dín másùnmáwo kù, ẹ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sí kòtò tí a ti ń kó sí látọjọ́ pípẹ́. N ò ní máa ṣàlàyé ohun tí ìṣàṣàrò jẹ́. Ẹ kúkú mọ ètò ọ̀sẹ̀ 8 tí Jon Kabat-Zinn dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Massachusetts lọ́dún 1979.

Èkínní, ẹ yéé fi àwọn tó ń dúró de ìgbà tó máa kàn wọ́n ṣe ẹgbẹ́ àfiwé. Ẹni tí ẹ fún ní olùkọ́, ẹlẹgbẹ́ àti wákàtí méjì àbọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ lẹ́nu, ara á tù ú, ì báà jẹ́ aṣọ rírán lẹ fi kọ́ ọ. Àtúnyẹ̀wò kan nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Internal Medicine lọ́dún 2014 kó ìwádìí 47 jọ, èèyàn 3,515. Ìṣàṣàrò dín àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìrora kù níwọ̀nba, ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹ̀rí pé ó ta eré ìdárayá tàbí oògùn yọ. Ẹ wá nǹkan gidi fún ẹgbẹ́ kejì ṣe.

Èkejì, itọ́. Ibí gan-an ni inú ti máa ń bí mi.

Cortisol, èròjà másùnmáwo inú ara tí à ń wọn nínú itọ́, kì í dúró sójú kan. Ó máa ń ga jù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45 lẹ́yìn tí èèyàn bá jí, lẹ́yìn náà á máa wálẹ̀ títí di alẹ́. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mélòó kan pẹ́ kó tó gba itọ́ rẹ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wa pé ká ra ìdérí ìgò itọ́ tó ń kọ àkókò tí wọ́n bá ṣí i. Ó ní owó rẹ̀ pọ̀ jù, pé àgbàlagbà làwọn olùkópa wa, wọn ò ní parọ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní ojora ló ń ṣe mí.

Àwọn olùkópa dá ìgò itọ́ padà. Èmi ni mo ń da àkókò ara wọn sínú kọ̀ǹpútà. Obìnrin kan kọ 6:30 sára ìgò kìíní, 7:00 sára èkejì, 7:15 sára ẹ̀kẹta, lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú. Yíǹkì kan náà, ìkọ̀wé kan náà tó gún régé. Ó hàn pé ìjókòó kan ló fi kọ gbogbo rẹ̀. Mo yẹ tàwọn yòókù wò, ẹnikẹ́ni ò jí ní 6:37 rí. N ò bá wọn wí o. Ẹni tí másùnmáwo gbé dé ọ̀dọ̀ wa, kí ni kò ní gbàgbé láàárọ̀?

Èyí tó wá burú jù ni pé olùkọ́ ń rán ẹgbẹ́ ìṣàṣàrò létí ìgò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì pe àwọn tó ń dúró nílé. Bí ìyàtọ̀ bá wà láàárín wọn, ṣé ìṣàṣàrò ló fà á ni àbí ìránnilétí? Olùyẹ̀wò ìwé wa béèrè gan-an. Ọ̀gá kọjú sí mi níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, “Ta ló ń bójú tó itọ́?” Odindi apá cortisol la yọ dànù. Lẹ́tà tí mo kọ sí i ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo ní ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin lọ́kàn tẹ́lẹ̀, ó di ọjọ́ mìíràn. Bí owó yín ò bá tó, ẹ dín olùkópa kù, kí ìdérí yẹn wà. Bí ọ̀gá bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi cortisol sílẹ̀, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń kọ àkókò sílẹ̀ fúnra rẹ̀.